Ilé Tí A Tì Pa Ṣì Ní Onílé: Àlàyé Lórí Àkọsílẹ̀ àti Ìtọ́jú Ilé àti Ilẹ̀ Tó Ṣófo

Bí ènìyàn bá rin àdúgbò mẹ́ta já ní ìlú èyíkéyìí ní orílẹ̀-èdè wa, ó ṣòro kí ó má rí ilé kan tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún ọdún gbọọrọ. Ó lè jẹ́ ilé tí baba kọ́ kí ó tó papò dà, tí àwọn ọmọ kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọmọ ìlú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun kọ́, tí kò sì fojú kàn án mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. Ó lè jẹ́ ilé tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí, tí igi ti hù láàrin yàrá. Ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ lásán tí a rà, tí a ri òpó ààlà mọ́, tí gbogbo àdúgbò wá sọ di ààtàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Kano, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mìnnà, Lọ́kọ́ja àti Abuja ṣe ibùgbé ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú wa ní ilé sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Kàbà, Ìkìrun tàbí Ìjẹ̀bú, tí a kì í dé ibẹ̀ ju ìgbà ọdún tàbí ìgbà ìnáwó lọ. Èkejì ni pé níbi tí a ń gbé gan-an, ilé mìíràn tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí a kò mọ onílé rẹ̀, tí ejò, ẹ̀fọn àti olè sì ń ti ibẹ̀ wá bá wa. A jẹ́ onílé ní apá kan, a sì jẹ́ aládùúgbò ní apá kejì.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ilé kan ṣófo. Àìsàn lè mú onílé, iṣẹ́ lè gbé e lọ, owó lè tán nídìí iṣẹ́ ìkọ́lé. Ohun tó ń di ewu fún ìlú ni ilé tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí a lè pè sí i. Nítorí náà, ohun tí àlàyé yìí fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mú dání kò ju ọ̀kan lọ: kí ilé kọ̀ọ̀kan tó ṣófo ní orúkọ nínú ìwé àti ẹni tí yóò dáhùn fún un. Àkọsílẹ̀ ń dáàbò bo aládùúgbò, ó sì ń dáàbò bo onílé jù ú lọ.

Ta ni ó ní agbára lórí kí ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohunkóhun tó bá kan ilé àti ilẹ̀, ti gómìnà ni. Òmíràn gbà pé ti ọba tàbí ti baálẹ̀ ni. Òfin pín iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí a mọ bí ó ṣe pín in, kí a má baà lọ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwa.

Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lára wọn ni fífún òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé. Títọ́jú ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà. Kíkó ìdọ̀tí àti ẹ̀gbin. Àti díwọ̀n iye ilé aládàáni kí a lè gba owó orí ilé lé e gẹ́gẹ́ bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Owó orí ilé yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń pè ní tenement rate. Ẹjọ́ pàtàkì kan lórí rẹ̀ ti Kano wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé iṣẹ́ díwọ̀n iye ilé ní ìgboro Kano fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ sì dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọdún 1998, àwọn adájọ́ sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ náà, pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní agbára láti gbé e fún ẹnikẹ́ni. Nípa bẹ́ẹ̀, káńsù ni ó yẹ kí ó mọ ilé tó wà ní àyíká rẹ̀, yálà ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ tàbí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni a ń lò. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àmójútó gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ tí a ti kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, gómìnà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ìlò rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ti ìbílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Abuja, kò rí bẹ́ẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ló ni àkóso ilẹ̀ olú-ìlú náà, mínísítà sì ni ó ń bójú tó o.

Ní ti ìwé àṣẹ ìkọ́lé, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní ọdún 2003 pé ìṣètò ìlú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin Kwara fi lè yàtọ̀ sí ti Kàdúná tàbí ti Plateau. Ọ́fíìsì ìṣètò ìlú tí a mọ̀ sí táùn pláánì ni ó ń fi àmì pupa sára ilé tó bá rú òfin tàbí tó ń fì láti wó.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí wolé-wolé, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká. Òfin ìlera gbogbogbò ti àwọn ìpínlẹ̀ fún wọn ní àṣẹ láti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí onílé tí àgbàlá rẹ̀ ti di igbó, tí omi adágún ibẹ̀ ń pa ẹ̀fọn, tàbí tí ìdọ̀tí ibẹ̀ lè fa àrùn. Ìwé náà yóò sọ ohun tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Bí ó bá kọ etí ikún, wọn lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ sì lè pàṣẹ kí ìjọba tún ibẹ̀ ṣe, kí onílé sì san owó tí wọ́n ná.

Ibi mẹ́rin tí orúkọ ilé gbọ́dọ̀ wà

Kò sí ìwé kan ṣoṣo ní Nàìjíríà tí a ń kọ gbogbo ilé tó ṣófo sí. Káńsù kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, àwọn kan ṣe é dáadáa, àwọn mìíràn ṣì ń tiraka. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́rin wà tí onílé tó bá gbọ́n yóò rí i dájú pé orúkọ òun wà.

Àkọ́kọ́ ni ìwé owó orí ilé ní ọ́fíìsì káńsù. Bí ilé rẹ kò bá ní nọ́ńbà, béèrè fún un. Bí ó bá ní, wò ó bóyá orúkọ tó wà nínú ìwé ṣì jẹ́ ti baba rẹ tó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ilé bá ṣófo, kọ lẹ́tà sí káńsù: sọ ọjọ́ tí ó ṣófo, ìdí rẹ̀, orúkọ alámòójútó àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Béèrè bí òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe ń ṣírò owó orí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí pé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Má ṣe fi ọkàn ara rẹ pinnu pé ilé tí kò mówó wọlé kò lè jẹ gbèsè. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, fún àpẹẹrẹ, òfin Land Use Charge ka ilé tó ṣófo àti ilẹ̀ lásán mọ́ ohun tí a ń san owó lé lórí.

Èkejì ni ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀, níbi tí ìwé C of O, ìwé títà àti ìwé ìfúnni ń wà. Ìwé àdéhùn tí a fi pamọ́ sínú àpótí nílé kò tó. Kí a fi ìwé sọ́fè tí sọ́fèyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí kún un. Ẹni tí owó kò tíì tó láti gba C of O lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé sọ́fè àti ìwé àdéhùn tí agbẹjọ́rò kọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ́fíìsì ìṣètò ìlú. Ilé tí a kò parí ni eléyìí kàn jù. Òfin Ìṣètò Ìlú ti ọdún 1992 sọ pé ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ọdún méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní láti sọ ìwé náà dọ̀tun. Kí onílé béèrè gbèdéke tí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ tí ó wá padà kó bíríkì lọ síbẹ̀ láìbéèrè lè rí àmì pupa ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé àdúgbò: ti ẹgbẹ́ onílé, ti baálẹ̀ tàbí máì-ángúwà, àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ìwé yìí kò ní agbára òfin bí àwọn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n òun ni ó yá jù. Bí iná bá sọ lóru, tàbí tí ògiri bá ya sójú ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò lọ ṣí fáìlì ní káńsù. Ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù alámòójútó lọ́wọ́ ni yóò pè é.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó ìforúkọsílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó kàn wọ aṣọ àwọ̀lékè wá sí ẹnu ọ̀nà. Béèrè ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, béèrè orúkọ òfin tí ó fi ń gba owó náà, sì san án sí àkáǹtì ìjọba kí o gba rìsíìtì. Bákan náà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fún láṣẹ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ti ìpínlẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ní wákàtí tó bójú mu ní ojú ọ̀sán. Ẹni tó bá wá lóru láti wá “wọn ilé” kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ìtọ́jú tí ilé tó ṣófo ń fẹ́

“Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀.” Ilé tí ènìyàn ń gbé máa ń pariwo nígbà tí ohun kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, nítorí pé òjò yóò kán sí orí ẹni tó sùn. Ilé tó ṣófo kì í pariwo. Pákó kan ṣoṣo tí ikán jẹ lónìí lè di òrùlé tó wó ní ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, alámòójútó ní láti máa wò ó ní ìgbà tó ṣe pàtó.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gun òkè lọ wo páànù àti pákó, kí ó gbọ́n ewé kúrò nínú ọ̀sọ̀rọ̀ àti gọ́tà. Gọ́tà ilé kan tó dí lè darí àgbàrá sínú ilé mẹ́wàá. Ní àkókò òjò, kí a máa gé koríko, kí a sì dojú táyà, garawa àti táńkì tí omi lè dúró sí dé. Kí ọyẹ́ tó dé, kí a ro yí ilé ká, nítorí iná igbó kì í béèrè ẹni tó ni ilé. Kàǹga gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Sálańgá àti ihò ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ tí a kò dí jẹ́ ikú fún ọmọdé. Bí a kò bá tíì ní owó ìkọ́lé, kí a fi iyẹ̀pẹ̀ dí i.

Kí a kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná pé kí wọ́n já iná ilé náà, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó dé láti àjò tí ó bá bíìlì ọdún mẹ́rin tí wọ́n kàn fojú díwọ̀n, lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn. Kí a di ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ilé tí a kò parí. Kí a sì kọ orúkọ alámòójútó àti nọ́ńbà rẹ̀ sára géètì tàbí ògiri. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ lásán, kí a yí i ká, kí a gé igbó rẹ̀, tàbí kí a fún ẹnì kan tí a mọ̀ láyè láti gbin ewébẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdọọdún tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń dáko pẹ̀lú ìwé àdéhùn mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olúwa. Ẹni tó bá ń dáko láìsí ìwé lè sọ lọ́la pé ti baba òun ni.

Ohun tí a lè pàdánù

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn aláṣẹ Abuja kéde pé àwọn ti fagi lé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 nítorí owó ilẹ̀ ọdọọdún tí àwọn onílẹ̀ kò san fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣófo, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere: ìwé ẹ̀tọ́ ní àdéhùn nínú. Òfin Ìlò Ilẹ̀, ní abala 28, fún gómìnà láyè láti gba ẹ̀tọ́ padà bí ẹni tó ni ín bá rú àdéhùn tó wà nínú C of O. Ó yẹ kí ẹni tó ní ìwé náà kà á, kí ó mọ iye tí yóò máa san lọ́dọọdún àti iye ọdún tí wọ́n fún un láti kọ́ ilé.

Àdánù kejì kì í wá láti ọwọ́ ìjọba. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi gbèdéke lélẹ̀, ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá, fún ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà nílé ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbi tí gbèdéke náà kò ti dé, adájọ́ ṣì lè béèrè pé: nígbà tí ẹni yìí ń kọ́lé lórí ilẹ̀ rẹ, níbo ni o wà? Onílé tó ní rìsíìtì owó orí ilé lọ́dọọdún, tó ní alámòójútó tí àdúgbò mọ̀, ní ìdáhùn. Ẹni tó kàn ní ìrántí kò ní ìdáhùn.

Àwọn àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì gbàgbé Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba orílẹ̀-èdè náà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran kánjú fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní àsìkò kan náà, nílé níbí, ogun abẹ́lé ń parí lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ Igbo padà sí Kano lẹ́yìn ogun náà, púpọ̀ nínú wọn bá ilé wọn tí a ti tọ́jú dè wọ́n, àwọn mìíràn sì gba owó ilé tí a ti gbà pamọ́ fún wọn. Ohun tó mú èyí ṣeé ṣe ni pé àwọn kan wà tí wọ́n mọ ẹni tó ni ilé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ojúkòkòrò bo ẹ̀rí ọkàn mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ àti ìwà ọmọlúàbí ni ó dá ilé padà fún onílé.

Kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa nìkan ni a ti ń ka ilé tó ṣófo sí ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, káńsù ní àṣẹ láti gba ìlọ́po méjì owó káńsù lórí ilé tó ṣófo láìsí ẹrù nínú rẹ̀ fún ọdún kan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní òfin pé kí onílé fi orúkọ ilé tó ṣófo sílẹ̀ kí ó sì san owó lé e; ní ìlú Wilmington, bí ọdún tí ilé fi ṣófo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó náà ń ga sí i. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé òfin báyìí níbẹ̀, ó yẹ kí ó ṣe bákan náà sí ilé tó kọ́ sí ìlú rẹ̀.

Kókó tó wà nínú ilé ẹbí

Ilé tó ṣòro jù láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ilé tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù pé bí àbúrò bá lọ sí káńsù, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni yóò kọ. Àbúrò ń bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n ti ń wá ẹni tí yóò rà á. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, gbogbo wọn fi ilé sílẹ̀, òjò sì ń bá wọn pín ogún.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí ẹbí pàdé, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n sì yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti ojúlé tó yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí yóò lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún. Àwọn tó bá fẹ́ pín in ní ìlànà Islam lè lọ sí ilé ẹjọ́ Ṣẹ̀ríà níbi tí ó bá wà. Ní ti àṣà Yorùbá, ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ilé ẹbí tà: olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé káńsù ní orúkọ ẹbí, kí a sì fi orúkọ alámòójútó sí i gẹ́gẹ́ bí alámòójútó, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí onílé. Sísan owó orí ilé kò sọ ẹni tó san án di onílé. Bí gbogbo ẹbí bá mọ èyí, ìbẹ̀rù yóò dín kù.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè ṣe, àti èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ onílé kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan tí akọ̀wé ń tọ́jú tó. Fún ilé tàbí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ṣófo, kí a kọ nǹkan wọ̀nyí sí i:

1. Nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, àti ohun tí a lè fi dá a mọ̀.
2. Orúkọ onílé tàbí orúkọ ẹbí.
3. Ọdún tí ó ti ṣófo, àti bóyá a parí rẹ̀ tàbí a kò parí rẹ̀.
4. Orúkọ alámòójútó àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹni tó lè dé ibẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀.
5. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.
6. Ewu tó wà níbẹ̀: kàǹga, ògiri tó ya, ihò, igbó, ààtàn.
7. Ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn àti orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ìwé yìí wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti alága nìkan. Kí a má ṣe gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́, nítorí pé ìwé tó ń sọ ilé tó ṣófo fún ọmọ ìlú lè sọ ọ́ fún olè pẹ̀lú.

Nígbà tí ilé kan bá ń di ewu, kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ pe onílé. Ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bí onílé kò bá dáhùn, kí a kọ lẹ́tà sí i, kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a kọ ìwé sí ọ́fíìsì ìlera àyíká ní káńsù bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ igbó, ìdọ̀tí tàbí ẹ̀fọn. Sí ọ́fíìsì ìṣètò ìlú bí ó bá jẹ́ ògiri tó fẹ́ wó. Sí ọlọ́pàá tàbí Sífú Dìfẹ́ǹsì bí àwọn ọ̀daràn bá ti sọ ibẹ̀ di ibùba. Kí a gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa, kí a sì padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹgbẹ́ kò ní àṣẹ láti já kọ́kọ́rọ́ ilé onílé. Kò ní àṣẹ láti fi ayálégbé sí i, láti gba ilẹ̀ tó ṣófo kí ó pín in, tàbí láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ti ilé ẹjọ́ àti ti ìjọba. Ẹgbẹ́ tó bá gba ilé aláìlẹ́nikan lónìí ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọn yóò ṣe gba ti ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ́la.

Àwa náà ní ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹni tó san owó orí ilé tirẹ̀ ní ẹnu láti béèrè pé kí ni a fi ṣe: ṣé a ti fi nọ́ńbà sára ilé? Ṣé a ti kó gọ́tà? Ṣé wolé-wolé ń wá? Ẹni tí kò san án, ohùn rẹ̀ kì í dún dáadáa.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí sí ètò ìpàdé. Kí akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé: ilé tí o ní tí ẹnikẹ́ni kò gbé, níbo ni ó wà, ta ni a lè pè sí i? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, kí ó wá a rí kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.